Ohùn Tí Ó Dé Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ìwé kíkà: Nehemáyà orí 8, ẹsẹ 1 sí 8

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ọ̀rọ̀ nípa ìbùkún, ìṣẹ́gun àti ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ ni a sábà máa ń rí kà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé èmi lọ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gbé gbogbo àwọn yòókù wọ etí: ohùn tí a fi ń ka Ìwé Mímọ́, tí a fi ń darí àdúrà, tí a sì fi ń wàásù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ kìíní oṣù keje. Gbogbo ènìyàn kó ara wọn jọ sí ìta gbangba tí ó wà níwájú Ẹnu-bodè Omi, ọkùnrin, obìnrin, àti gbogbo ẹni tí ó lè gbọ́ kí ó sì yé e. Ẹ́sírà akọ̀wé gbé ìwé òfin jáde, ó sì kà á fún wọn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán gangan. Ẹ má jẹ́ kí a sáré kọjá níbẹ̀ o. Láti àárọ̀ di ọ̀sán, lábẹ́ oòrùn, kò sí máìkì, kò sí jẹnẹrétọ̀. Báwo wá ni àwọn tí ó wà lẹ́yìn ṣe gbọ́? Bíbélì kò fi í pamọ́ fún wa. Wọ́n ti fi igi kan ibi ìdúró gíga sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, Ẹ́sírà sì ga ju gbogbo ènìyàn lọ. Ohùn tí ó bá ti òkè wá kì í bá orí ènìyàn pàdé lọ́nà. Ọkùnrin 13 sì dúró tì í, mẹ́fà ní ọ̀tún, méje ní òsì. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù wà ní ẹsẹ 8: wọ́n kà á kedere, wọ́n sì ṣe àlàyé rẹ̀ títí ó fi yé àwọn ènìyàn. Ìgbà tí ó yé wọn ni wọ́n tó bú sẹ́kún. Ariwo kọ́ ni ó pa wọ́n lẹ́kún.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ èyí? Nínú ìjọ Aládùúrà, àwọn ìyá àti bàbá wa pọ̀ tí wọn kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí. Etí wọn ni Bíbélì wọn. Ohun tí ẹni tí ó ń kàwé bá gbé mì, ó di pé wọn kò ní in títí di ọjọ́ ìsinmi mìíràn, bóyá títí ayé pàápàá. Pọ́ọ̀lù sì jẹ́ kí ó yé àwọn ará Róòmù, ní orí 10, pé ẹni tí kò gbọ́ kò lè gbàgbọ́. Ìyá kan wà ní ìjọ wa tí ó máa ń jókòó nídìí ilẹ̀kùn nítorí ooru. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan ó pè mí, ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, kí ni ẹni tí ó ka ẹ̀kọ́ kejì yẹn kà? Mo kàn rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì ni.” Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó kàwé náà pariwo tó! Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, máìkì ń hó, òógùn bò ó. Mo jókòó ti ìyá náà, mo sì ka ẹ̀kọ́ náà fún un lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo dé àárín, ó mi orí, ó ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n kà fún wa láàárọ̀ yìí?”

Ẹ̀yin ará, ohùn kì í ti ọ̀fun wá bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò. Inú èémí ni ó ti ń wá. Nígbà tí Ọlọ́run Olódùmarè fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn tán, bí Jẹ́nẹ́sísì orí 2 ti wí, ọ̀fun wà lára erùpẹ̀ náà, ahọ́n wà níbẹ̀, ètè wà níbẹ̀. Síbẹ̀ kò sí ohùn títí tí Ọlọ́run fi mí sí i nímú. Nínú gògóńgò wa ni awọ ẹran tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà tí à ń pè ní okùn ohùn. Ti ọkùnrin gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì péré, ti obìnrin kúrú jù ú lọ. Ní ọdún 1854, olùkọ́ orin kan, ọmọ Sípéènì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Manuel Garcia, fi dígí kékeré àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn wo inú ọ̀fun ara rẹ̀, ó sì rí wọn bí wọ́n ti ń ṣí tí wọ́n sì ń pa dé. Nígbà tí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, awọ méjèèjì yìí máa ń gbá ara wọn ju ìgbà 100 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti obìnrin sì máa ń tó nǹkan bíi 200. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ọkùnrin tí ó bá fi wákàtí kan gbóhùn sókè láìsinmi ti jẹ́ kí awọ kékeré yẹn gbá ara wọn ní ìgbà 360,000, ó kéré tán. A kò tíì dé ìdajì ìsọ́ òru.

Ẹ̀dọ̀fóró ni ẹwìrì. Gbogbo ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé arọ́ mọ̀ pé bí a kò bá fín ẹwìrì, iná kò ní pọ́n irin, bó ti wù kí alágbẹ̀dẹ lu irin náà tó. Iṣan kan sì wà láàárín igbá-àyà àti ikùn, ó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí a bá mí sínú, iṣan yìí á tẹ́ pẹrẹsẹ, á lọ sísàlẹ̀, á fún ẹ̀dọ̀fóró láyè, ikùn á sì yọ síwájú díẹ̀. Ẹ wo ọmọ ọwọ́ tí ó sùn lórí ẹní: ikùn rẹ̀ ni ó ń lọ sókè sódò, èjìká rẹ̀ kì í mira. Ta ló kọ́ ọ? Àwa àgbà ni a ti gbàgbé. À ń gbé èjìká sókè, à ń mí sí òkè àyà nìkan, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ díẹ̀ ni ó ń wọlé. Kí ó tó di àárín ẹsẹ, ó ti tán, la bá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọ̀fun ti ọ̀rọ̀ jáde. Ìyẹn ni ó ń pa ohùn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń wí nínú ara rẹ̀ pé, “Akọ̀wé yìí, ṣé kí a má ké pe Ọlọ́run mọ́ ni?” Rárá o. Bátímáù ké, wọ́n ní kí ó dákẹ́, ó tún ké sí i, Jésù sì dúró nítorí rẹ̀. Igbe Aládùúrà kò ní parẹ́ lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí Òkè Kámẹ́lì. Àwọn wòlíì Báálì ké láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, Èlíjà sì ní kí wọ́n túbọ̀ ké sókè, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àdúrà tirẹ̀ tí ó mú iná sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ méjì péré ni nínú 1 Àwọn Ọba 18. Ètè Hánnà nìkan ni ó ń mì nínú tẹ́ńpìlì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, Sámúẹ́lì sì dé. Ọlọ́run kò nílò kí a pariwo kí ó tó gbọ́. Ènìyàn tó jókòó lẹ́yìn ni ó nílò kí ohùn wa yé òun, ìyẹn sì ni mo fi ń bẹ̀ yín.

Èdè wa gan-an tún wà níbẹ̀. Yorùbá kì í ṣe èdè tí a lè gbé gbogbo rẹ̀ sí òkè téńté kí ó má bàjẹ́. Dò, re, mí ni ó ń rìn. Bí ẹni tí ń kàwé bá fi igbe gbé gbogbo ọ̀rọ̀ sí mí, ọ̀wọ̀ á di ọwọ́, ìgbà á di igbá, ẹni tí ó wà lẹ́yìn á sì máa wá ìtumọ̀ kiri. Bí èémí bá sì tán, òpin gbólóhùn ni à ń gbé mì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni èdè wa sábà máa ń fi ìtumọ̀ sí. “Ìyà kò jẹ ẹ́ mọ́”: gbé “mọ́” yẹn mì, kí ẹ wo ohun tí ó kù. Ẹni tí Ọlọ́run ti gbà sílẹ̀ ti di ẹni tí kò tilẹ̀ jìyà rí! Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí fèrè ogun kò bá dún yékéyéké, kò sí ẹni tí yóò múra ìjà. (Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi fi ará Ìbàdàn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó pe “ṣé” ní “sé”. Nítorí Ṣíbólẹ́tì àti Síbólẹ́tì ni ènìyàn 42,000 fi kú nínú Àwọn Onídàájọ́ orí 12. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù sọ ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀, kí ó ṣáà sọ ọ́ kí a gbọ́.)

Wàyí o, kí ni a ó ṣe? Ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní ní òwúrọ̀, kí ẹ gbé ìwé orin lé ikùn. Ẹ mí sínú láti imú, jẹ́ẹ́jẹ́, kí ìwé orin náà gbéra. Ẹ mí síta láti ẹnu, kí ó sọ̀ kalẹ̀. Kí èjìká má mira. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Nígbà tí ó bá ti mọ́ra, ẹ ṣe é ní ìjókòó, lẹ́yìn náà ní ìdúró, nítorí orí ìdúró ni iṣẹ́ wà. Tẹ̀ lé e, ẹ mí sínú báyìí, kí ẹ wá jẹ́ kí èémí jáde láàárín eyín bí ejò ti ń dún, “sssss”, kí ẹ máa wo aago. Kí dídún náà má ṣe le níbẹ̀rẹ̀ kí ó wá kú lópin. Kí ó dọ́gba ni. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú-àáyá 10 lè máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi dé 20. Bí òòyì bá kọ́ni, kí ẹ jókòó, kí ẹ mí bí ẹ ti ń mí tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìdíje.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni kíkùn. Ẹ pa ètè dé láì fún un pọ̀, kí ẹ kùn “m̀m̀m̀” bí ìyá tí ń rẹ ọmọ. Bí ó bá dára, ètè àti imú yóò máa rìn yín bí ẹni pé kòkòrò ń rìn lórí wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀fun ni ẹ ti ń mọ̀ ọ́n, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbé e láti dò lọ sí re, lọ sí mí, kí ẹ tún sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ la ẹnu lórí rẹ̀: mà, ma, má. Àwọn ọmọdé tí ń fi ètè ṣe “brrr” bíi mọ́tò nínú yàrá, ẹ má lù wọ́n mọ́, ẹ̀kọ́ ohùn ni wọ́n ń ṣe. Ẹ tún lè fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń fa mínírà sínú ife omi, kí ẹ máa kùn gba inú rẹ̀ kí omi máa hó. Àwọn tí ń tọ́jú ohùn akọrin àti olùkọ́ máa ń lò ó, nítorí pé ó ń jẹ́ kí okùn ohùn ṣiṣẹ́ láìgbá ara wọn le.

Nígbà tí ó bá kan ìwé kíkà fúnra rẹ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí ẹ bá dé iwájú ìjọ kí ẹ tó mọ ibi tí ẹ ó ti mí. Ní alẹ́ Sátidé, ẹ ka ẹ̀kọ́ náà sókè, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ilà kékeré síbi tí ọ̀rọ̀ ti parí nínú ìtumọ̀. Kí ẹ má mí láàárín “kò” àti ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ẹ gbé Bíbélì sókè dé igbá-àyà, kí àgbọ̀n má fi orí lé àyà, nítorí ọrùn tí ó ká kò kì í jẹ́ kí ohùn jáde. Kí ẹ sì yan ènìyàn kan ní ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹ máa kà á fún òun.

Ẹlòmíràn lè wí pé ti ayé àtijọ́ nìyí, pé máìkì ti dé. Máìkì kì í tún ọ̀rọ̀ tí ó ti fọ́ ṣe. Ńṣe ni ó ń gbé e jìnnà. Ní ọdún 1739, oníwàásù George Whitefield ń wàásù ní ìta gbangba ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Benjamin Franklin, tí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, rìn sẹ́yìn sẹ́yìn lọ sí apá odò títí ohùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, ó sì ṣírò pé ó lé ní ọ̀kẹ́ kan àbọ̀, ìyẹn 30,000 ènìyàn, tí ó lè gbọ́ ọ. Nílé wa níhìn-ín, ní Òkè-Ooye ní Iléṣà lọ́dún 1930, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni wọ́n wá sí ìsọjí tí Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe, wọ́n gbọ́, wọ́n sì mú ìròyìn lọ sí ìlú wọn. Jésù Olúwa wa pàápàá, nígbà tí èrò pọ̀ létí òkun, inú ọkọ̀ ojú omi ni ó wọ̀, ó jókòó, ó sì jẹ́ kí èrò dúró sí èbúté. Ẹni tí ó ní gbogbo agbára mọ ibi tí yóò dúró kí a lè gbọ́ ọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ahọ́n yín wúwo bí ti Mósè, ẹ má sá. Ọlọ́run kò gba àwáwí lọ́wọ́ Mósè, ó kàn fún un ní Áárónì, Mósè náà sì sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Dáfídì ráhùn nínú Sáàmù 69 pé igbe ti sọ òun di aláàárẹ̀, ọ̀fun òun sì ti gbẹ. Omi ni oògùn àkọ́kọ́. Nígbà ọyẹ́, ẹ mu ún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí ó wà nínú ààwẹ̀ gbígbẹ, kí ó gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí ó fi igbe sílẹ̀ fún ẹlòmíràn títí yóò fi ṣínu. Ẹ dẹ́kun kíkọ́ “háà, hẹ̀m̀” kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbé itọ́ mì dípò rẹ̀. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí ohùn bá há kì í ṣe ìsinmi, ó tún lè ni ín lára sí i. Orógbó ńkọ́? Ó ń mú itọ́ wá, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ yàtọ̀ sí ọ̀nà èémí, ohun tí a gbé mì kì í kọjá lórí okùn ohùn. Bí ó bá gba ibẹ̀, ikọ́ ni yóò fi hù wá.

Arákùnrin kan tí ó ń darí ìsọ́ òru wa fún ọdún púpọ̀, ohùn rẹ̀ há, kò sì là fún oṣù mẹ́ta. Oyin, ata ire, omi gbígbóná, kò sí èyí tí kò lò. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀tá ti gba ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì fẹ́ fi iṣẹ́ àdúrà sílẹ̀. Bàbá wa Àpọ́sítélì gbàdúrà fún un, wọ́n sì ní kí ó lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Kókó kéékèèké ni wọ́n rí lórí okùn ohùn rẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ń roko ṣe máa ń le níbi tí ọkọ́ ti ń gbá a. Wọ́n ní kí ó sinmi ohùn, wọ́n sì kọ́ ọ ní èémí, irú èyí tí mo kọ sókè yìí. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ó tó padà sórí pẹpẹ. Ohùn rẹ̀ kò le tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ohùn rẹ̀ bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kí ó má dúró, pàápàá ẹni tí ó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́, tàbí tí oúnjẹ ń há lọ́rùn. Kì í ṣe gbogbo ohùn híhá ni ó jẹ́ ti igbe. Jẹjẹrẹ ọ̀fun náà máa ń fi ohùn híhá bẹ̀rẹ̀, èyí tí a bá tètè rí ni ó ṣeé wò. Àdúrà kò ní kí a má mọ ohun tí ń ṣe wá.

Àwọn àgbà ìjọ ti fọwọ́ sí i pé, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé àjọ̀dún yìí, kí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn tí ń ka ẹ̀kọ́ máa pàdé nínú ilé ìsìn ní gbogbo Sátidé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, fún wákàtí kan. A kò ní tan máìkì. Ẹnìkan yóò jókòó nídìí ilẹ̀kùn, yóò máa gbé ọwọ́ sókè nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni tí ń kàwé yóò sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà. Àyè wà fún àwọn ìjọ tí wọ́n wá bá wa ṣe àjọ̀dún láti rán ẹni méjì méjì wá. Kí olúkúlùkù mú Bíbélì Yorùbá, pẹ́ńsùlù àti ife omi tirẹ̀ dání.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Akọ̀wé Ìjọ